Ọjọ́ tí Ìyá Mi Rí Yọmí Létí Òkun Gálílì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí kí n sọ ohun kan tó ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí èmi àti ìyá mi ti ti Ísírẹ́lì dé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rí fọ́tò wa nígbà náà. Ẹ kí wa kú oríire, ẹ ní a ti di JP, arìnrìn-àjò Jerúsálẹ́mù. Mo ní ẹ ṣeun. Àmọ́ yàtọ̀ sí ọkọ mi, mi ò sọ ohun tójú wa rí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látilé, kó lè yé yín.

Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá mi. Etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n dàgbà sí kí bàbá mi tó fẹ́ wọn wá sí abúlé kan létí ọ̀sà, ní òdìkejì Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí èmi àti àbúrò mi, Oríyọmí, tí gbogbo wa ń pè ní Yọmí. Bàbá wa ò pẹ́ láyé. Ẹja yíyan ni ìyá mi fi tọ́ wa, òun náà ni wọ́n fi rán mi níléèwé tí mo fi ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Marina. Ní báyìí, èmi àti ọkọ mi ń gbé ní ẹ́síteètì kan ní Ìkòròdú, kò jìnnà sí Agric.

Yọmí ní tiẹ̀ kò fẹ́ kúrò lórí omi. Ọkọ̀ fáíbà tó ní ìnjìn ló ń wà, ó ń kó èrò láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn abúlé ọ̀sà. Aláwàdà ni, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé èbúté. Ìyábọ̀ ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni ní Ẹ̀pẹ́. Wọn ò tíì bímọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yọmí já èrò sílẹ̀ tán, òun nìkan ló ń padà bọ̀ nígbà tí ìjì jà. Àwọn apẹja rí ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé sínú koríko ojú omi. Wọn ò rí Yọmí. Wọ́n wá a títí, wọ́n fi àwọ̀n gbá inú ọ̀sà. Wọn ò rí i.

Ẹ̀yin tí irú ikú yìí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ mọ̀ pé ó yàtọ̀. Kò sí sàréè. Kò sí ibi kan téèyàn lè dúró sí kó ní ibí ni ẹni mi wà. Ìyá mi ò sunkún. Nígbà tí àwọn ará ìjọ wá bá wọn kẹ́dùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kí àwọn kú ọ̀fọ̀, pé ẹnikẹ́ni ò tíì gbé ọmọ àwọn wá fún àwọn.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì ti wọ̀ wọ́n lára. Kì í ṣe torí JP o, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó síwájú ilé, wọ́n ń to ẹja sórí àsẹ́, ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn fẹ́ dé etí omi tí Jésù ti bá ìjì wí. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀.

"Mo fẹ́ bi í léèrè ibi tó wà lọ́jọ́ tèmi."

Mo bá wọn to ẹja.

Ẹ̀rù omi ti ń ba èmi náà láti ọjọ́ tí omi ti gbé Yọmí lọ. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ ti pè mí títí, ẹ ní kí ló dé tí mo ń fi títì fìyà jẹ ara mi. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀ báyìí.

Nígbà tó yá, ìrántí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Wọ́n á gbé ẹja sórí iná, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi di èédú. Wọ́n á pe orúkọ ìyá tiwọn mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ ta ọjà ní Ẹ̀pẹ́, wọn ò mọ ọkọ̀ tó ń lọ sí abúlé wọn mọ́. Ìyábọ̀ ló bá wọn ní èbúté tí wọ́n gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́yà, tí wọ́n ń wo ojú gbogbo èèyàn. Ó pè mí, mo sì lọ mú wọn wá sílé mi.

Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ni. Ó ní kò ní í padà sẹ́yìn, ṣe ni yóò máa gbèrú. Mo sọ fún un nípa ìrìn àjò tí wọ́n ti ń fẹ́ lọ. Ó wo ìyá mi, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń ka ìka ọwọ́ wọn, ó ní tá a bá máa lọ, ká tètè lọ.

Bá a ṣe lọ nìyẹn. Ogun ẹ̀yìn yìí ò tíì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà. A tẹ̀ lé àwọn onígbàgbọ́ kan láti oríṣiríṣi ìjọ, Alàgbà kan ló kó wa lọ. Èmi, ìyá mi àti obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Ìbejì la jọ wà ní yàrá kan. Ará Ìmọ̀tà ni Ìyá Ìbejì, ìrẹsì ló ń tà, ẹgbẹ́ mi ni. Ìwà rẹ̀ dáa. Tí mo bá ti ń sùn lọ nítorí àárẹ̀, òun ló máa ń ṣọ́ ìyá mi kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn jáde.

Jerúsálẹ́mù la kọ́kọ́ dé. Alàgbà mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ sórí ibi tí wọ́n sin Jésù sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ rántí bó ṣe rí? Ògiri dúdú, fìtílà lóríṣiríṣi, tùràrí tó ń sé èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ àti ètè àwọn èèyàn ti pa á títí ó fi ń dán bí dígí. Dúdú, funfun, gbogbo wọn kúnlẹ̀ yí i ká. Àwọn kan ń sunkún.

Ìyá mi di ìró mi mú. Wọ́n wo àwọn tó ń sunkún, wọ́n wá rọra bi mí:

"Ta ló kú nínú ilé yìí?"

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Mo ní Jésù ni, pé ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí nìyí. Wọ́n ronú sí i.

"Ṣé wọ́n rí òkú rẹ̀?"

Mo ní rárá, pé nígbà tí àwọn obìnrin débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọn ò bá a níbẹ̀. Ìyá mi mirí. Òyìnbó obìnrin kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó gbé orí lé òkúta yẹn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé e léjìká, wọ́n fi èdè Ìlàjẹ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó pẹ̀lẹ́, pé àwọn náà ò rí tàwọn. Obìnrin yẹn ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, àmọ́ ó mú ọwọ́ ìyá mi, ó fi í lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn méjèèjì wà bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì fi ìborùn nu ojú, ó sá jáde.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wàásù nípa ibojì tó ṣófo, ìròyìn ayọ̀ ni mo máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, etí ìyá mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn la kọrí sí Gálílì. Nínú bọ́ọ̀sì, ṣe ni wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo la máa délé. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé ìrìn àjò yìí ti bàjẹ́, pé ó ti pẹ́ jù, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí omi yọ, ìyá mi jókòó dáadáa. Wọ́n tún gèlè wọn dè.

Ọkọ̀ onígi ńlá ni wọ́n fi ń gbé àwọn arìnrìn-àjò sórí òkun yẹn. Ó ń wù mí kí n dúró sórí ilẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ta ló máa di ìyá mi mú? Mo wọlé, mo di bẹ́ǹṣì mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Ìyá mi ní tiwọn, ṣe ni wọ́n wọ ọkọ̀ bí ọ̀dọ́mọbìnrin, àárín gan-an ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ sí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Wọ́n nawọ́ bu omi, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní omi yìí ò níyọ̀, pé bíi ti ọ̀sà wa ló rí.

Àwọn awakọ̀ ta àsíá Nàìjíríà, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde wá látìdí ìnjìn. Ọmọ ilẹ̀ yẹn ni, oòrùn ti sè é, irùngbọ̀n rẹ̀ kúnjú. Ó jọ pé àwọn ará ilé wa tó máa ń lọ síbẹ̀ ti kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀, torí ṣe ló gbóhùn sókè lórí ariwo ìnjìn:

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin Màmá! Orúkọ mi ni Yóní!"

Ariwo sọ. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yọ fóònù.

Ìyá mi dìde.

Wọn ò di nǹkan kan mú, ọkọ̀ sì ń mì. Wọ́n rìn tààrà lọ bá ọmọkùnrin yẹn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú.

"Yọmí. Ibi tó o wà látọjọ́ yìí nìyí?"

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín. Ó sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ:

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá tí ò sunkún nígbà tí ọkọ̀ wálé láìsí ọmọ, tí ò sunkún nígbà tí ìjọ ń gbàdúrà, tí ojú wọn gbẹ títí àrùn fi dé, ṣe ni wọ́n gbé orí lé àyà ọmọ ọlọ́mọ lórí òkun Gálílì, wọ́n sunkún débi tí gbogbo ọkọ̀ fi dákẹ́. Alàgbà rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Mo dìde láti lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe Yọmí. Ìyá Ìbejì fa aṣọ mi.

"Jókòó. Ta ni òtítọ́ yẹn fẹ́ ṣe láǹfààní?"

Mo lọ bá Yóní dípò ìyẹn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un pé ìyá mi bí ọmọ kan tó ń wakọ̀ ojú omi bíi tiẹ̀, pé omi gbé e lọ, pé orúkọ wọn jọra, pé kó má bínú. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó bá òun di ọkọ̀ mú, ó sì jókòó ti ìyá mi, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun. Wọn ò dúró kó dáhùn. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú búrẹ́dì jáde, èyí tí wọ́n fún wa jẹ ní òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Yóní gbà á, ó jẹ ẹ́ tán lójú wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé fún un: pé àwọn ti pààrọ̀ páànù tó ń jò, pé Ìyábọ̀ ṣì ń ránṣọ, pé ẹja ò wọ́pọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ibikíbi tí wọ́n bá ti mí, Yóní á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Mo fẹ́ kó dákẹ́. Mo sì fẹ́ kó máa wí i lọ. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mò ń wo ọrùn rẹ̀ tí oòrùn jó, kí n má parọ́ fún yín, fún ìgbà díẹ̀, èmi náà gbà pé àbúrò mi ni.

Ìyá mi ò rántí bi Jésù ní ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wá. Ó jọ pé lójú tiwọn, ó ti dáhùn.

Ọkọ̀ padà dé èbúté. Àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ti tò sílẹ̀, wọ́n ń dúró de Yóní. Ìyá mi ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀ ká máa lọ. Kò yé e. Ó wò mí. Mo sọ fún ìyá mi pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, pé kò lè bá wa lọ báyìí, pé ó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn máa dúró dè é. Wọ́n jókòó sórí pákó èbúté, wọ́n na ẹsẹ̀.

Ẹ ò mọ bó ṣe dùn mí tó, kí n máa fa ìyá mi lọ́wọ́ dìde níbẹ̀. Wọ́n ń já ọwọ́ wọn gbà. Èmi àti Ìyá Ìbejì la dì wọ́n mú dé inú bọ́ọ̀sì. Yóní tẹ̀ lé wa dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ sí àyà. Ibi tí Yorùbá rẹ̀ mọ nìyẹn.

Mo jókòó síbi wíńdò. Mo rí i tó padà sétí omi, ó di ìyá àgbàlagbà kan lọ́wọ́ mú kó lè wọ ọkọ̀, ọmọ ilé wa nìyá yẹn náà, torí mo gbọ́ tó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá!" Mo fi ara mi dí wíńdò kí ìyá mi má baà rí i.

A délé. Ẹni tó bá ti bi ìyá mi pé báwo ni Jerúsálẹ́mù, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn rí Yọmí, pé iṣẹ́ ló ń ṣe, pé ó ti ní irùngbọ̀n. Ìròyìn fò dé abúlé. Wọ́n ń pè mí látibẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́! Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí.

Ìyábọ̀ ò pè ní tiẹ̀. Ó wọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú láìsọ fún mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a tó dúró, ó wọ aṣọ tó dáa, ó ti ṣe irun. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Kò tíì jókòó tó fi ní:

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Mo kàn ní kí n bi yín."

Mo mirí. Ó ní kí n fún òun lómi. Mo gbé omi dé, ó dì í mú, kò mu ún. Ọ̀dọ́ ṣì ni Ìyábọ̀ o. Ẹbí wa ti sọ fún un tipẹ́ pé kó fẹ́ ẹlòmíì, pé a ò ní bínú. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń fẹ́ ẹlòmíì nígbà tí ò sí sàréè?

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ogun wá bẹ́ sílẹ̀ ní Ísírẹ́lì. A jókòó ní páálọ̀, ọkọ mi ń wo ìròyìn, wọ́n dárúkọ ibẹ̀, wọ́n fi iná tó ń jó níbẹ̀ hàn. Ìyá mi tí kì í wo tẹlifíṣọ̀n dìde fùú. Wọ́n ní ọmọ àwọn wà níbẹ̀. Wọ́n lọ wọ bàtà. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ, kí n lọ mú un wálé. Mo ní ọkọ̀ òfurufú ò lọ síbẹ̀ mọ́. Wọ́n wò mí, ojú wọn mọ́ kedere, bíi kí àrùn tó dé.

"Ìwọ lo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ká dúró dè é, o fà mí."

Ọkọ mi pa tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò parọ́. Mo fà wọ́n lóòótọ́. Àtìgbà yẹn lọ̀rọ̀ Yóní fúnra rẹ̀ ti ń jà mí lọ́kàn. Ọmọ ẹnì kan lòun náà. Mi ò gba nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti fà á lọ sójú ogun, bóyá ó wà láyé. Lálaalẹ́ ni mò ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

Ìyá mi ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ mi báyìí. Wọ́n ti gbàgbé ẹja yíyan. Wọn ò gbàgbé pé mo fi Yọmí sílẹ̀. Wọn kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá gbé e wá, wọ́n á yíjú sí ògiri. Ọkọ mi ló máa ń gbé e fún wọn, àti Ìyábọ̀, tó ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní kísìnì, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé Yọmí kí i, pé ó ní òun ń bọ̀. Mo dúró kí n gbọ́ ohun tó máa sọ. Ìyábọ̀ bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ jẹun, ká lókun tó bá dé."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kísìnì, mo sunkún.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mo ti rò ó. Mo máa ń rò pé téèyàn bá dé ibi mímọ́, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́. Ibi mímọ́ ò bá wa gbé nǹkan kan kúrò. Ohun tá a gbé lọ ló ṣí lójú wa. Mo sì ti kọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni kéèyàn máa ti ojú arúgbó mọ́ òtítọ́. Tí wọ́n bá ní ìwọ lo ṣẹ̀, tó bá jẹ́ ohun tó ń mú kí ọmọ wọn wà láàyè nìyẹn, gbà pé ìwọ ni. Mo ti gbà. Ó dùn mí o, àmọ́ mo ti gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú òbí tí ìrántí ti ń fi sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tí omi gbé tẹ́ ò rí sin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n bá bi yín pé ìgbà wo lẹni yẹn ń bọ̀, kí lẹ máa ń sọ? Ẹ kọ ọ́ fún mi, bó ti wù kó kéré mọ. Mo gbọ́ ìró bàtà ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, wọ́n ń bọ̀ wá bi mí.